Ètò iléeṣẹ́ ńlá àti àpò mẹ̀kúnnù: ìbéèrè àwọn ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó, pẹ̀lú ìdáhùn

Owó kòkó fò sókè lọ́dún 2024 débi pé tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Nígbà tó di 2025, ó tún ń já bọ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, ìbéèrè tó ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn láti Ìdànrè dé Ilé-Olújì kò yí padà: kí ló dé tó jẹ́ pé àwa la ni kòkó, àwọn ẹlòmíì ló ni ṣokoléètì? Ìdáhùn ibí yìí á gba ọ̀nà jíjìn díẹ̀ kó tó padà sílé, nítorí pé Ṣáínà, Bràsíl àti Indonéṣíà ti bi ara wọn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti náwó nára lé e lórí. Àwọn kan jèrè. Àwọn mìíràn forí gbági.

Kí ni wọ́n ń pè ní ètò iléeṣẹ́ gan-an?

Kí ìjọba tọ́ka sí irú iṣẹ́ kan, kó ní èyí ni òun fẹ́ kó gbilẹ̀, kó wá fi agbára rẹ̀ tì í lẹ́yìn. Agbára náà lè jẹ́ ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ fúyẹ́, owó orí tí wọ́n fojú fò fún ọdún mélòó kan, ilẹ̀, ọ̀nà, iná, owó ibodè gọbọi lórí ọjà òkèèrè, tàbí òfin pé kí ẹnikẹ́ni má kó ohun àmúṣọrọ̀ kan jáde láìṣe nǹkan kan sí i. Ìjọba tó bá ní òun kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ wo ìwé owó ibodè rẹ̀, ẹ ó bá a níbẹ̀.

Ìdàgbàsókè tó kárí wá ń kọ́?

Owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè lè máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún kó má sì dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, aránṣọ tàbí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé. Tí a bá ní ó kárí, ohun tí à ń wò ni iye èèyàn tó ríṣẹ́, iye tí wọ́n ń gbà, àti bóyá ẹni tó ń ta ohun èlò fún iléeṣẹ́ ń rí èrè tirẹ̀. Èrò tèmi, ẹ ó sì máa bá a pàdé títí a ó fi parí, ni pé a kì í dúró dìgbà tí èrè bá wọlé tán ká tó wá ronú bí yóò ṣe kárí. Mẹ̀kúnnù tí kò sí nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ń rántí rẹ̀ lọ́jọ́ ìpín.

Àwọn wo ni orílẹ̀-èdè ńlá tó ń gòkè bọ̀?

Ṣáínà, Íńdíà, Bràsíl, Indonéṣíà, Gúúsù Áfíríkà, Mẹ́síkò, Tọ́kì àti irú wọn. Èèyàn wọn pọ̀, ọjà wọn fẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì lówó lọ́wọ́ bíi Jámánì. Oṣù kìíní 2025 ni BRICS, ẹgbẹ́ tí àwọn kan nínú wọn dá sílẹ̀, gba Indonéṣíà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́, oṣù yẹn náà ni wọ́n gba Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí alábàáṣepọ̀. Alábàáṣepọ̀ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ o.

Olókòkó ni mí n'Ídànrè. Kí ló kàn mí nínú ohun tí Ṣáínà ṣe?

Ó kàn yín gan-an, nítorí pé oko ni Ṣáínà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti sọ ìtàn ilé gogoro ìlú Shenzhen, wọ́n á sì fo ohun tó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn 1978, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa dá oko tirẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ṣì jẹ́ ti gbogbo ìlú. Tí wọ́n bá ti wọn ìpín ìjọba fún un, èyí tó kù di tiwọn, wọ́n lè tà á síbi tó wù wọ́n. Ìjọba tún fi kún iye tó fi ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ wọn. Owó dé ọwọ́ ará oko. Ará oko ra kẹ̀kẹ́, ó ra aṣọ, ó ra bíríkì láti fi tún ilé kọ́, àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké tó jẹ́ ti ìlú àti abúlé sì dìde láti ṣe nǹkan wọ̀nyẹn fún un. Àárín ìgbà yẹn, ní 1980, ni wọ́n ya Shenzhen sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò òkèèrè. Báńkì Àgbáyé ṣírò pé ó tó 800 mílíọ̀nù èèyàn tó bọ́ lọ́wọ́ òṣì paraku níbẹ̀ láàárín ogójì ọdún.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdílé kan wà tí wọ́n ń pè ní hukou. Nítorí rẹ̀, ọmọ abúlé lè fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìlú ńlá kí ọmọ tirẹ̀ má rí àyè nílé ìwé ìjọba níbẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ló dàgbà lọ́wọ́ ìyá àgbà.

Ẹ wá fi wé tiwa. Nígbà Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó ọjà irè oko ló ń ra kòkó, iye tó ń san fún àgbẹ̀ kò sì tó iye tó ń gbà lókè òkun. Ara èrè àárín yẹn ni wọ́n ná sórí iṣẹ́ ìlú, láyé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 àti ibùdó iléeṣẹ́ Ìkẹjà. Mi ò ní bú àwọn tó ṣe é. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn sọ ọ̀pọ̀ ọmọ olókòkó di dókítà àti agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba mìíràn dé, owó ṣì ń kúrò lápò àgbẹ̀, wọn kò rí ohun tí wọ́n ń fi ṣe mọ́, owó orí tún gorí rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ yarí ní 1968: Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn. Ní 1986 ìjọba tú ìgbìmọ̀ ìtajà ká. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá mówó dé ẹnu ọ̀nà oko ló ń ra kòkó, àgbẹ̀ kò sì ní ẹni tó ń bá a dá iye kan sọ́nà ṣáájú ìkórè. Wọ́n gba ìyà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gba ààbò kúrò pẹ̀lú. Ní Gánà, COCOBOD, àjọ ìjọba tó ń bójú tó kòkó níbẹ̀, ṣì ń kéde iye tí olùrà gbọ́dọ̀ san. Wàhálà tirẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mọ iye kí ó tó fọ́ kòkó.

Kí ló dé tí ìjọba kò kàn fòfin de kíkó kòkó jáde, bí Indonéṣíà ti ṣe?

Ìbéèrè tó ń wọlé jù nìyí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ fún un.

Ohun tí àwọn èèyàn gbọ́ ni ọ̀rọ̀ nikẹ́ẹ̀lì. Ní oṣù kìíní 2020, Indonéṣíà ní kò sẹ́ni tó tún gbọdọ̀ kó òkúta nikẹ́ẹ̀lì kúrò nílùú láìjẹ́ pé wọ́n yọ́ ọ níbẹ̀. Nikẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń ṣe irin tí kì í dípẹtà àti bátìrì àwọn ọkọ̀ oníná, Indonéṣíà ló sì ń wà á jù lágbàáyé. Àwọn oníléeṣẹ́ Ṣáínà kówó wá, ilé ìyọ́rin yọ bí olú ní Morowali lérékùṣù Sulawesi. Nígbà tó fi máa di 2022, owó tí nikẹ́ẹ̀lì àti ohun tí wọ́n fi ṣe ń mú wọlé ti lé ní 30 bílíọ̀nù dọ́là. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, ó sì jàre lọ́dún 2022. Indonéṣíà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, èédú ló ń gbé iná fún ilé ìyọ́rin wọ̀nyí, omi àwọn apẹja bàjẹ́, iná sì jó ní Morowali ní oṣù kejìlá 2023, ó pa òṣìṣẹ́ tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ohun tí kì í dé etí wa ni pé Indonéṣíà yìí kan náà ti dán irú rẹ̀ wò lórí kòkó. Ní oṣù kẹrin 2010, wọ́n gbé owó ibodè lé kòkó tí wọn kò tíì lọ̀, ó sì ń ga sí i bí owó ọjà àgbáyé bá ṣe ń ga, títí dé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé ìlọkòkó pọ̀ lọ́gán, àwọn ńláńlá òkèèrè wá tẹ̀dó síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ la ti pa ìtàn náà tì, à bá ní ó yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n igi kòkó wọn ti gbó, àrùn ń jẹ ẹ́, olùrà sì yọ owó ibodè yẹn kúrò nínú iye tó ń fún àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ gé igi, wọ́n gbin ọ̀pẹ tàbí àgbàdo. Lónìí, Indonéṣíà ń ra kòkó wọlé láti òkèèrè kí ẹ̀rọ rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe.

Nikẹ́ẹ̀lì wà nínú ilẹ̀, kò mọ iye tí wọ́n ń tà á. Igi kòkó ní olówó, olówó rẹ̀ ló sì ní àdá.

Tiwa tún ní ìṣòro kan sí i: fàyàwọ́. Ọjọ́ tí òfin bá já owó kòkó wálẹ̀ ní Oǹdó, ọ̀nà Kútọnu kò jìnnà. Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ dí àlàfo tó mú kí lílọ kòkó níbí wọ́n ju kíkó o lọ. Èyí ló kàn nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ tòótọ́ nílé, kó máa wo ọ̀rọ̀ èso tí wọ́n fi ń ṣe òrí. Ìjọba àpapọ̀ fòfin dè é ní oṣù kẹjọ 2025 pé kí wọ́n má kó o jáde ní tútù fún oṣù mẹ́fà. Obìnrin abúlé ló ń ṣa á. Iye tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ obìnrin náà ni kí ẹ bèèrè, ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn olówó ẹ̀rọ sílẹ̀ ná.

Kí wá ló ń dí ilé ìlọkòkó tiwa lọ́wọ́?

Ẹ wo ohun tójú kòkó ń rí lẹ́yìn tó bá kúrò lórí pèpéle ìsákòkó. Wọ́n á yan án, wọ́n á fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, wọ́n á lọ inú rẹ̀ títí á fi di omi dúdú tó ki. Wọ́n á wá fi ẹ̀rọ fún un: ọ̀rá bọ́ sọ́tọ̀, èyí tó ṣẹ́kù gan paali, òun ni wọ́n ń lọ̀ di ìyẹ̀fun tí à ń pò mu láàárọ̀. Iná ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀rá kòkó máa ń dì tí ooru bá ti dín, nítorí náà páìpù tó ń gbà kọjá gbọ́dọ̀ gbóná nígbà gbogbo. Iná lọ láàárín iṣẹ́, ọ̀rá dì sínú páìpù, òṣìṣẹ́ káwọ́ gbera. Ẹni tó bá ti gbé Àkúrẹ́ rí kò nílò kí n ṣàlàyé ìyókù fún un. Ní gúúsù ìpínlẹ̀ wa, lágbègbè Òkìtìpupa, àwọn ìlú kan wà lókùnkùn ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ta ni yóò gbé ẹ̀rọ síbẹ̀? Ẹni tó bá gbé e, dísẹ́ẹ̀lì ló ń lọ̀, kì í ṣe kòkó.

Owó ni èkejì. Láàárín oṣù díẹ̀ tí kòkó ń jáde ni iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ra èyí tí yóò lò fún ìyókù ọdún, owó ojú ẹsẹ̀ sì ni àgbẹ̀ ń gbà. Ní oṣù kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí báńkì yòókù ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ra kòkó fún ilé iṣẹ́ òkèèrè ń yá dọ́là, èlé tirẹ̀ kò sún mọ́ ìyẹn. Àwọn méjèèjì á jọ dúró níwájú àgbẹ̀ kan náà n'Ówènà. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó máa gbé àpò lọ.

Ẹ̀kẹta kì í dé ojú ìwé ìròyìn. Kòkó tútù láti Nàìjíríà kì í san owó ibodè nílẹ̀ Yúróòpù. Tí a bá lọ̀ ọ́, tí a fún ọ̀rá rẹ̀, a ó san, nítorí pé Nàìjíríà kọ̀ láti fọwọ́ sí àdéhùn ìṣòwò tí wọ́n gbé wá. Gánà àti Ivory Coast fọwọ́ sí i, ọ̀rá tiwọn ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù pé ọjà Yúróòpù á pa iléeṣẹ́ wa ló fà á tí ìjọba fi kọ̀, ẹ̀rù náà sì mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ilé ìlọkòkó ló ń san owó ìpinnu yẹn, kò sì sẹ́ni tó bu nǹkan kan lé e lọ́wọ́ láti fi dí i. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ṣèlérí fún àwọn tó ń kó ọjà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé lórí ránṣẹ́ sókè òkun wà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti dá a dúró ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn tó ń bèèrè ìdí tí iléeṣẹ́ gíláàsì Igbókòdá fi dákẹ́ nígbà tí yanrìn rẹ̀ ṣì wà létí òkun, kí wọ́n ka ìpínrọ̀ mẹ́ta yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n wá fi yanrìn dípò kòkó.

Bràsíl ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Báwo ni wọ́n ṣe rí i ṣe?

Sùúrù àti ilé ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ní 1950. Ọdún 1969 ni ìjọba tó dá Embraer sílẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ti gbówọ́. Wọ́n tà á fún aládàáni ní 1994, ó sì wà lára àwọn tó ń ta ọkọ̀ òfuurufú jù lágbàáyé títí di òní.

Embrapa wú mi lórí jùyẹn lọ. Àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, 1973 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ó wá bí ẹ̀wà sóyà ṣe lè hù lórí ilẹ̀ Cerrado, ilẹ̀ kíkan tí àwọn èèyàn ti pa tì. Wọ́n da ẹfun sí i, wọ́n mú irúgbìn tó bá a mu jáde. Àwa náà ní CRIN, àjọ ìwádìí kòkó, ní Ìdí-Ayunrẹ́ láti 1964, irúgbìn kòkó tó tètè ń so sì ti ibẹ̀ jáde. Ibi tí a ti ń kùnà ni láàárín CRIN àti oko bàbá arúgbó tí igi rẹ̀ ti lé lógójì ọdún.

Ìdọ́gba ńkọ́? Ètò iléeṣẹ́ wọn kọ́ ló ṣe ìyẹn. Báńkì ìdàgbàsókè wọn, BNDES, yá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lówó pẹ̀lú èlé pọ́ọ́kú, àwọn aráàlú sì bínú sí i. Ohun tó dín òṣì kù ni owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n gbé sókè, àti Bolsa Família, owó ìrànwọ́ fún ìdílé tálákà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ìyá ni wọ́n ń fún lówó náà jù, bí ọmọ bá ń lọ sílé ìwé tó sì ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Íńdíà ńkọ́?

Ẹ̀kọ́ méjì. Lọ́dún 2020 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ìjọba fi ń san ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lórí àfikún ọjà tí iléeṣẹ́ bá tà. Ẹni tí kò bá tíì ṣe ọjà náà kó sì tà á, kò ní rí kọ́bọ̀. Gúúsù Kòríà ti ṣe irú rẹ̀ rí, láyé tí ẹ̀yáwó máa ń tẹ̀ lé iye tí o bá rí tà sókè òkun. Fóònù tí Íńdíà ń tò pọ̀ gan-an báyìí, ọ̀dọ́bìnrin sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń tò ó ní Tamil Nadu. Àmọ́ ìlérí tí wọ́n ṣe ní 2014, pé iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ á dé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé wọn, kò tíì ṣẹ.

Èkejì ni wàrà. Àwọn olówó màlúù kéékèèké ní Gujarat dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1946, àwọn fúnra wọn ló ni iléeṣẹ́ Amul. Obìnrin tó gbé lítà méjì wá láàárọ̀ wà lára àwọn tó ni ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù olókòkó pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ìbéèrè mi ni ìdí tí ọ̀pọ̀ wọn fi dúró sórí yíyá ara wọn lówó.

Ṣé ó ti yọrí sí rere rí ní Nàìjíríà?

Símẹ́ńtì. Láti 2002, ẹni tó bá ń kọ́ iléeṣẹ́ níbí ni ìjọba ń fún láyè láti kó símẹ́ńtì wọlé. A bọ́ lọ́wọ́ èyí tó ń bọ̀ láti òkèèrè, a tún ń tà fún àwọn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn díẹ̀ ló bọ́ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, owó àpò kan fò kọjá 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú, bẹ́ẹ̀ òkúta ẹfun kò ti ibì kankan wá ju ilẹ̀ wa lọ. Iléeṣẹ́ dúró dáadáa. Ẹni tó ń kọ́ yàrá méjì l'Ọ́bà-Ilé kò rí ìtura. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọjà òkèèrè, wọn kò sì bèèrè nǹkan kan lórí iye owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn fún.

Iléeṣẹ́ irin Ajaokuta, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láyé 1979, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Gúúsù Áfíríkà ní iléeṣẹ́ mọ́tò tó pọ̀. Kí ló dé tí àìríṣẹ́ṣe wọn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Láti 1995 ni wọ́n ti ń ran àwọn oníléeṣẹ́ mọ́tò lọ́wọ́, mọ́tò wọn sì ń lọ sí Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, ó sì ń fẹ́ ọmọ tó kàwé dáadáa. Ó lé ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń wáṣẹ́ níbẹ̀ tí kò rí. Irú iléeṣẹ́ tí èèyàn yàn ṣe pàtàkì bí iye owó tó ná sí i.

FUTA ni mo ti jáde. Níbo ni èmi wà nínú gbogbo eléyìí?

Láàárín. Iléeṣẹ́ ńlá tí yóò gba ẹgbẹ̀rún ẹnjiníà lè má tètè dé Àkúrẹ́. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ẹ̀rọ ìsákòkó tí kì í lo igi ìdáná, ẹ̀rọ tó ń fọ́ kòkó, àtúnṣe ẹ̀rọ ìlagi, àti àwòrán oko. Òfin tí Yúróòpù ṣe ní 2023 ní kí kòkó tó bá wọ ọ̀dọ̀ wọn ní ẹ̀rí ibi tí oko rẹ̀ wà gan-an, pé wọn kò gé igbó láti fi gbìn ín. Wọ́n ti sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún ẹni tó mọ fóònù àti máàpù lò, tó sì lè bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ láìfi gẹ̀ẹ́sì dẹ́rù bà á.

Àwọn ìyá ọlọ́jà l'Ọ́jà Ọba, ṣé ètò yìí kàn wọ́n?

Bí iléeṣẹ́ bá ń san owó oṣù, ọ̀dọ̀ wọn ni owó náà ń gbà kọjá. Tí kò bá san, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀, nítorí ìwé gbèsè á nípọn.

Iléeṣẹ́ kan ń bèèrè ilẹ̀ ìdílé wa. Kí ni ká bi wọ́n?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí òfin fi yín sí. Lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, tí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ire gbogbogbòò, owó igi, owó irè oko àti owó ilé tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń san. Ilẹ̀ lásán kò lówó gidi nínú ìṣirò yẹn. Nítorí náà, ẹ ka igi kòkó, igi obì àti ọ̀pẹ yín kí ẹnikẹ́ni tó dé, kí ẹ ya fọ́tò wọn. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ló ń bá yín dúnàádúrà fúnra rẹ̀, ẹ má gba owó ẹ̀ẹ̀kan náà nìkan. Ẹ bèèrè owó ìyálélẹ̀ ọdọọdún tó ń yí padà bí náírà bá ṣe ń yí, tàbí ìpín nínú iléeṣẹ́.

Ẹ bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n máa gbà láàárín ọdún méjì, irú iṣẹ́ wo, èló. Iṣẹ́ ọdẹ ẹnu ọ̀nà nìkan ni ọ̀pọ̀ ìlú ń rí. Ẹ bèèrè ibi tí omi ìdọ̀tí yóò máa ṣàn sí. Ẹ bèèrè bóyá kòkó tàbí gbágùúdá yín ni wọ́n máa rà, iye tí wọn kò ní fi rà á kéré sí, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ náà bí ọdún mẹ́ta bá kọjá tí wọn kò kọ́ nǹkan kan. Kí gbogbo rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ níwájú agbẹjọ́rò tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá, kì í ṣe èyí tí iléeṣẹ́ bá yín wá.